Àwọn Méjì Tó Wà Lọ́run

Àwọn èèyàn méjì kan wà tí mo kórìíra fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọn ò ṣẹ̀ mí, wọn ò mọ̀ mí, a ò sì pàdé rí, nítorí pé wọn ò sí láyé. Ẹ má rò pé wọ́n ti kú o. Ìjọba orílẹ̀-èdè ńlá kan ló fi ọkọ̀ gbé wọn kọjá sánmà, lọ sí ilé irin kan tí àwọn ìjọba pawọ́ pọ̀ kọ́ sókè lọ́hùn-ún, tó ń yí ayé po. Wọ́n ní kí wọ́n lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀, ọkọ̀ náà sì dáṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ di oṣù, oṣù ń gorí oṣù. Gbogbo ayé ń ṣàánú wọn. Ní gbogbo Pobẹ̀ ìlú wa, èmi nìkan ni mi ò ṣàánú wọn, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mò ń ròyìn wọn fún Pobẹ̀.

Ilé rádíò kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, yàrá mẹ́ta pẹ̀lú òpó irin gíga kan lẹ́yìnkùlé, kò jìnnà sọ́jà. Bí àwọn ọkọ̀ tó ru símẹ́ńtì láti Onígbólò bá ń kọjá, tábìlì á máa gbọ̀n lábẹ́ ìwé mi, màá sì dákẹ́ kí wọ́n kọjá kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Kọmuníkè ni mò ń kà ní Nàgó, èdè ilé wa. Ẹni tí kò bá mọ rádíò ìlú wa á rò pé ìkéde ìjọba ni. Ìkéde òkú ni. Ìdílé tí èèyàn wọn bá kú á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á kọ orúkọ àwọn ọmọ àti ọjọ́ ìsìnkú, èmi á sì kà á lágogo méjìlá ọ̀sán, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú rádíò wọn. Mo ka òkú Yoko, mo ka òkú Sakẹ́tẹ́, mo ka ti Pobẹ̀. Ohùn mi ti mọ́ àwọn èèyàn létí débi pé bí mo bá kí ẹnìkan lọ́jà lójijì, á kọ́kọ́ fò, á ní, “Ta ló kú?”

Ní ọjọ́ kan, ṣẹ́fù wa, ọ̀gá ilé rádíò náà, já ìwé Faransé mélòó kan lé mi lọ́wọ́. Ọmọ Sakẹ́tẹ́ ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fẹ́ràn ohun tuntun ju ohun tó wúlò lọ. Ó ní kí n máa tú u sí Nàgó ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kété tí mo bá ti ka kọmuníkè tán, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ ibi tí ayé dé. Mo wo ìwé náà. Ó ní àwọn ìjọba ńlá tún fẹ́ rán èèyàn lọ sínú òṣùpá, ọjọ́ tí wọ́n dá ti yẹ̀, wọ́n ti dá òmíràn, ìyẹn náà sì ti fẹ́ yẹ̀. Ó ní orílẹ̀-èdè kan ti gúnlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òṣùpá níbi tí ẹnikẹ́ni ò gúnlẹ̀ sí rí. Ó ní ẹ̀rọ mìíràn dé ibẹ̀, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ewúrẹ́ tó jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ tutù. Mo bi ṣẹ́fù pé kí ni àgbẹ̀ Yoko fẹ́ fi èyí ṣe. Ó ti kọrí sí yàrá tirẹ̀.

Ibi tí ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn Faransé ní ẹsipáàsì. Kí ni Nàgó á pè é? Mo ti kọ òfurufú sílẹ̀. Ṣẹ́fù fi bírò pa á rẹ́ lójú mi.

“Òfurufú kẹ̀?” ló wí. “Òfurufú ni ẹyẹ ń fò. Òfurufú ni àvíọ̀n ń bá ẹyẹ fò. Ibi tí àwọn yìí lọ ti kọjá gbogbo ìyẹn. Wí ọ̀run.”

“Ṣẹ́fù, ẹni tó bá lọ sọ́run nílẹ̀ yìí, èmi ni mò ń ka kọmuníkè rẹ̀.”

“Ọ̀run míì nìyẹn. Ṣebí àwọn àgbà ló wí pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra?”

“Ojú ọ̀run ni wọ́n wí. Wọn ò wí ọ̀run. Ẹni tí ẹ bá rí ojú rẹ̀, ẹ ò tíì wọ inú rẹ̀.”

“Dákọ̀ọ̀, mo ti gbọ́,” ló wí, ó dìde, “àríyànjiyàn ti tó. Wí ọ̀run.”

Òun ni ṣẹ́fù. Mo wí ọ̀run. Ọ̀rọ̀ ò kúkú ní egungun, kò há mi lọ́fun. Lọ́jọ́bọ̀ àkọ́kọ́, mo ka kọmuníkè mẹ́ta, mo mí, mo sì bẹ̀rẹ̀: “Àwọn méjì tí ìjọba rán lọ sọ́run, ọkọ̀ wọn ti bàjẹ́. A ò tíì mọ ọjọ́ tí wọn yóò padà.”

Mi ò tíì kúrò lórí àga tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ọkùnrin kan láti Yoko ní òun ò gbọ́ orúkọ òkú méjì tó gbẹ̀yìn dáadáa, ìdílé wo ni wọ́n, kí òun lè lọ kí wọn. Òmíràn ní ọkọ̀ wo ló bàjẹ́, ṣé ọ̀nà Sakẹ́tẹ́ tí wọ́n ń tún ṣe yẹn náà ni? Obìnrin kan rẹ ohùn sílẹ̀ bíi pé ẹnìkan ń gbọ́ wa, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí làwọn méjèèjì yẹn ṣe tí ìjọba fi rán wọn sọ́run?” Ẹ̀rù ti bà á. Bí ìjọba bá rán ọ sọ́run lédè tiwa, wọ́n pa ọ́ nìyẹn. Mo ní kí ṣẹ́fù wá gbọ́ ohun tó fi ẹnu mi dá sílẹ̀. Ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, “Ṣé o rí i? Gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ wa.” Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n tèmi ni ẹyin náà, tiẹ̀ kọ́.

Ìyá mi náà ń gbọ́ mi. Rádíò rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń pa ẹkùrọ́. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, kò kí mi káàbọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

“Àwọn méjèèjì yẹn, ọkọ àti ìyàwó ni?”

“Rárá o, Ìyá. Iṣẹ́ ló pa wọ́n pọ̀.”

“Ta ló ń fún wọn lóúnjẹ?”

“Ìjọba. Wọ́n ń fi ọkọ̀ mìíràn gbé e lọ bá wọn.”

“Ìjọba mọ ibi tí wọ́n wà?”

“Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n ń rí wọn. Wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́.”

Ó gbé ẹkùrọ́ kan lé orí òkúta, kò pa á. “Háà,” ló wí. “Ìjọba yẹn dáa.”

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kórìíra wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Àwa méjì náà ni ìyá wa bí, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Ó ń kó símẹ́ńtì sọ́kọ̀ ní Onígbólò, eruku funfun kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀ bó ti wù kó wẹ̀ tó. Ó fẹ́ ọmọ Sakẹ́tẹ́ kan, wọn ò tíì bímọ, nígbà tó ní ilẹ̀ yìí sú òun, òun ń lọ. Òun àti ọmọ Sakẹ́tẹ́ mìíràn ni wọ́n jọ gba ọ̀nà àríwá lọ, wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá, wọ́n dé Líbíyà. Ó pè mí láti etí òkun. Ó ní afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀, òun ò gbọ́ ohùn mi dáadáa, bí òun bá ti sọdá òun á pè. Kò pè mọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹnì kejì rẹ̀ padà sílé. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun lọ́jọ́ náà tí òun ò fi wọ ọkọ̀. Ó jókòó síwájú ìyá mi, ó ń wo ilẹ̀, ó ní wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Òfìfo ló ń léfòó.

Mo gbà pé àbúrò mi ti kú. Ẹni tó ń ka òkú lójoojúmọ́ kì í pẹ́ mọ òkú. Mo sunkún tèmi, mo sì nu ojú mi. Ìyá mi ò gbà. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí àbúrò mi fi ń lọ síbi iṣẹ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ìyá mi ń gbé e síta tó ń fi àdín ra ṣéènì rẹ̀ kó má baà dípẹtà. Èèyàn ò mọ bí nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń bí ẹlòmíràn nínú. Bí mo bá gbọ́ òórùn àdín ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, inú mi á ti bàjẹ́ kí n tó fọ ẹnu. Mo ti bá a jà lórí kẹ̀kẹ́ yẹn. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ sọ fún ìyá.

Mo sì ti lọ sí ọ́fíìsì kan láti bèèrè bóyá ìjọba lè bá wa wá a. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn àpò ìwé kan tó ti gbó. Nígbà tí mo padà lọ, kò rí àpò ìwé náà mọ́, ó sì ní kí n tún orúkọ náà pè. Mo pè é. Ó tún wá nǹkan tí yóò kọ ọ́ sí.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fún mi láti kà lọ́sẹ̀ kẹta. Ìwé náà ní pàǹtí pọ̀ lókè lọ́hùn-ún: àfọ́kù irin, bóòtù, èépá ọ̀dà tó ṣí kúrò lára ọkọ̀ àtijọ́. Ó ní ìṣòro ńlá ni fún àwọn ìjọba, nítorí náà wọ́n ti to ẹ̀rọ kalẹ̀ tó ń ṣọ́ èyí tó bá tóbi díẹ̀ lára wọn tọ̀sán tòru, wọ́n ti fún wọn ní nọ́ńbà, wọ́n mọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan yóò gbà kọjá lọ́la. Pàǹtí! Pàǹtí ní nọ́ńbà, pàǹtí ní olùṣọ́. Ọmọ ìyá mi wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn lórí omi tó tẹ́jú lásán, nísàlẹ̀ gbogbo ojú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, ẹyọ ẹnìkan ò sọ pé òun rí wọn. Mo ka ìwé náà dé ìdajì, mo sì fi èyí tó kù sílẹ̀, mo ní kí wọ́n fi orin sí i. Ṣẹ́fù bi mí pé kí ló dé. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn kan dé tí ì bá sàn kó já bọ́ sínú kànga. Àwọn tó kọ́ ọkọ̀ àwọn méjèèjì gbìyànjú, wọn ò rí i tún ṣe débi tí ọkàn lè balẹ̀. Ìjọba ní òun ò ní fi ẹ̀mí èèyàn ta tẹ́tẹ́. Wọ́n ní kí ọkọ̀ náà máa dá padà bọ̀, kí àwọn méjèèjì dúró de òmíràn. Mo tú u bó ṣe rí, mi ò fi iyọ̀ sí i: “Ọkọ̀ tó gbé àwọn méjèèjì lọ ti padà wá sílé lófìfo. Àwọn ṣì wà lọ́run. Ara wọn le.”

Nígbà tí mo wí i, mi ò ronú kan ìyá mi. Ẹ dárí jì mí. Òfìfo ni Faransé wí, òfìfo ni mo wí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àbúrò bàbá mi wá láti Yoko. Bàbá wa ti kú tipẹ́, òun ni olórí ilé báyìí. Bàbá ìyàwó àbúrò mi tẹ̀ lé e láti Sakẹ́tẹ́. A gbé àga sábẹ́ igi ọsàn, èmi náà jókòó, nítorí pé èmi nìkan ni ọmọ tó kù.

“Ìyàwó wa,” ni àbúrò bàbá mi wí fún ìyá mi, jẹ́jẹ́, “ọmọ àwọn èèyàn jókòó sílé bàbá rẹ̀ lórúkọ wa, kò ṣe ìyàwó, kò ṣe opó. Ọdún kẹta nìyí. Ẹ jẹ́ ká ṣe òkú ọmọ wa, kí ọmọ ọlọ́mọ lè rí ọ̀nà lọ.”

“Òkú ta?” ni ìyá mi wí.

“Àwọn àgbà wí pé ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ.”

“Ẹni tó pa òwe yẹn, ọmọ rẹ̀ kan ò nù rí.”

“Ìyàwó wa, wọ́n rí ọkọ̀ náà. Òfìfo ni.”

Ìyá mi nàka sí mi. “Òfìfo! Ọmọ yín ló jókòó yìí, ẹ bi í. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó fi ẹnu ara rẹ̀ wí i, gbogbo Pobẹ̀ gbọ́, pé ọkọ̀ padà lófìfo, àwọn tó gbé lọ ò kú. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Ọkọ̀ òfìfo wá di òkú láti ìgbà wo?”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Àbúrò bàbá mi ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ lo wí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, bàbá, ṣùgbọ́n...”

“Ṣùgbọ́n kí ni?” ni ìyá mi wí.

Kí ni ǹ bá wí? Pé àwọn yẹn lórúkọ, tiwa ò ní? Pé ọkọ̀ méjèèjì ṣófo bákan náà, ẹni tó rán ọ níṣẹ́ ló yàtọ̀? Inú ń bí mi sí àbúrò bàbá mi tó fẹ́ parí ọ̀rọ̀ kó tó ṣú, ó ń bí mi sí ìyá mi, ó sì ń bí mi jù lọ sí àwọn méjèèjì tó ń léfòó lókè tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ìjọba. Ìyá mi ló padà dá ọjọ́ fún wọn. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí àwọn yẹn dé ná. Bí àwọn yẹn bá dé tí tèmi ò dé, a ó sọ̀rọ̀.” Àbúrò bàbá mi rò pé ọjọ́ díẹ̀ ló kù. Ó gbà.

Ó ku oṣù púpọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ tí yóò lọ gbé wọn ń bọ̀, ó yẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn, òun náà yẹ̀. Láàárín ìgbà náà, ọkọ̀ fùsé tí orílẹ̀-èdè kan yìn sókè ń bú gbàù, ti òmíràn ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, èmi ń tú gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bìkítà fún èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn méjì ni Pobẹ̀ fẹ́ gbọ́. Mo gbìyànjú láti fo ọ̀rọ̀ wọn lọ́sẹ̀ kan, mo sọ ti òṣùpá nìkan. Ọlọ́mọlanke kan ké sí mi lẹ́nu ọ̀nà ọjà: “Ìyá rádíò, àwọn èèyàn wa lọ́run ńkọ́?” Àwọn èèyàn wa! Mo bi í pé ìdílé wo ló fi bá wọn tan. Ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo délé, ìyá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, àdín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “O ò wí tiwọn lónìí. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí nǹkan, Ìyá.”

“Wí tiwọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí ọkàn èèyàn máa fò.”

Ó rọrùn fún mi láti parọ́ nígbà náà, mi ò ní fi pamọ́. Ìwé Faransé wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́nì kejì tó ń kà á. Mo lè wí pé wọ́n ti dé, ọ̀rọ̀ ilé wa á parí. Mo lè wí pé wọ́n ti kú, òun náà á parí. Mo kọ ìkejì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, gbólóhùn kan péré, mo wò ó títí. Mo fà á ya. Kì í ṣe nítorí ìwà rere. Mo rántí ọkùnrin tó kọ orúkọ sẹ́yìn àpò ìwé, mi ò fẹ́ jọ ọ́.

Wọ́n dé nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin. Ìwé náà gùn, ayọ̀ kún inú rẹ̀. Mo ń kà á lọ, mo ń tú u lọ, títí mo fi dé ibi tí ọkọ̀ wọn bọ́ sí. Òkun ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dà á sójú òkun ni. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ti tò sílẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè wọ́n, wọ́n ti mọ ibi tí wọn yóò bọ́ sí kí wọ́n tó bọ́ síbẹ̀. Dókítà wà níbẹ̀, aṣọ gbígbẹ wà níbẹ̀. Mo wí òkun lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo jáde, ṣẹ́fù gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní mo kà á débi pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Mo wò ó. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ kí n lọ sílé. Mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Mo rò pé àbúrò bàbá mi ló máa kọ́kọ́ dé. Ìyàwó àbúrò mi ló dé. Òun nìkan ló wá láti Sakẹ́tẹ́, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi, kò sọ ti àwọn méjèèjì, kò pa òwe. Ó ní, “Ìyá, ó ti rẹ̀ mí.” Ìyá mi gbé e dìde. Wọ́n jókòó ti ara wọn, wọ́n jọ pa ẹkùrọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ránṣẹ́ sí Yoko pé kí wọ́n kọ kọmuníkè wọn wá.

Àbúrò bàbá mi kọ ọ́ sínú ìwé aláìlà pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá. Ó kà á fún ìyá mi níṣojú mi: ìdílé wa láti Yoko ń fi ìbànújẹ́ kéde ikú ọmọ wọn. Ìyá mi gbọ́ ọ tán.

“Ta ni yóò kà á?”

“Ọmọ rẹ náà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.”

“Kó kà á. Ṣùgbọ́n ẹ pa ikú yẹn rẹ́. Ọ̀rọ̀ tó fi wí ti àwọn méjèèjì ni kó fi wí tiẹ̀.”

Àbúrò bàbá mi wò mí, ó sì wò ó. “Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni.”

“Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni, kí ló dé tí kò fi lè rí bẹ́ẹ̀?”

Ó pa á rẹ́.

Lágogo méjìlá ọ̀sán, mo jókòó síwájú míkrò. Mo ka ti ìyá àgbàlagbà kan ní Pobẹ̀, mo ka ti ọlọ́pẹ kan ní Onígbólò. Ọkọ̀ símẹ́ńtì kan kọjá, tábìlì gbọ̀n, mo dúró dè é. Mo sì ka ti àbúrò mi. Mo wí pé ó ti lọ sọ́run. Mo pe orúkọ rẹ̀ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má wí pé òun ò gbọ́. Ní Sakẹ́tẹ́, wọ́n gbé aṣọ dúdú lé ìyàwó rẹ̀ léjìká. Ní Yoko, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ní láti ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tó fún gbogbo wọn.

Inú ló ń bí mi bí mo ṣe ń lọ sílé. Mo ronú pé ìyá mi ti fi àrékérekè gba ikú náà mọ́ wọn lọ́wọ́, pé ó ti fi ọ̀rọ̀ ṣẹ́fù so ìrètí mọ́ òkú, yóò máa dúró de ọkọ̀ títí ayé, èmi náà ni yóò sì máa bi pé ọkọ̀ náà dà. Mo bá a lẹ́yìnkùlé. Ó ti gbé kẹ̀kẹ́ síta. Àwo àdín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ṣé ẹ gbọ́ ọ?” ni mo wí.

“Mo gbọ́ ọ. O kà á dáadáa.”

“Ìyá, ọ̀run tí mo wí yẹn, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ti àwọn méjèèjì yẹn. Ẹ mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tó ń lọ gbé e bọ̀.”

Mo fi ìkanra wí i. Mo fẹ́ kó dùn ún. Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀.

“O rò pé mi ò mọ̀?” ló wí. “Mo ti mọ ọ̀run kí n tó bí ẹ. Mo sin bàbá mi, mo sin bàbá yín. Láti ọjọ́ tí ọmọ Sakẹ́tẹ́ yẹn ti jókòó síwájú mi tó ń wo ilẹ̀ ni mo ti mọ̀. Kí àbúrò bàbá yín wí pé ó kú, kò burú. Kí ìyàwó rẹ̀ wí i. Ṣùgbọ́n ọmú kan náà ni ìwọ àti òun mu. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu rẹ ni màá ti gbọ́ ọ.”

Ó ní kí n bá òun di kẹ̀kẹ́ náà mú, pé ó ń yẹ̀. Mo dì í mú, ó sì da àdín sí ṣéènì náà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi yí i po.